Àtàńpàkò Ìyá Mi Lọ Dìbò

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìbò tó dé ni ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí ra àtàńpàkò rẹ̀. Bó bá ti gbàdúrà àárọ̀ tán, á jókòó sétí fèrèsé ilé ìdáná wa ní Phibsborough, á bu òrí díẹ̀ nínú ike, á máa fi ra àtàńpàkò ọ̀tún, á rà á títí, bí ẹni ń wọ́ ọmọ tuntun lẹ́sẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé òtútù Dublin ló ń dà á láàmú. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Ìlà ọwọ́ mi ni mò ń wá."

Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ó lé ní ogójì ọdún tí ìyá mi fi se ọṣẹ tà ní Ìbàdàn, sódà sì ti jẹ orí ìka rẹ̀ débi pé ó ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Níbi ìbò tó lọ gbẹ̀yìn nílé, ìdájí ló ti wà lórí ìlà. Nígbà tó kàn án, wọ́n ní kó fi àtàńpàkò lé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó nu ọwọ́ nára ìró, ó tún fi lé e, ẹ̀rọ tún kọ̀. Ó gbìyànjú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán, wọ́n ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn máa pè é. Wọn ò pè é títí wọ́n fi kó ẹrù wọn. Èyí tó dùn ún jù ni pé gbogbo àdúgbò ló ń wò ó, tí obìnrin kan ní ojúlé kẹrin sí tiwa sì fi ẹ̀rín bi í pé, "Ìyá, káàdì ta lẹ gbé wá?" Ìyá mi tí kò mú abẹ́rẹ́ ẹlòmíì rí! Ó ká káàdì rẹ̀ mọ́ etí ìró, ó lọ sílé, kò sì jáde lọ dìbò mọ́ láti ọjọ́ náà.

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi fa wàhálà ti Dublin yìí. Ọdún kejì tó dé ọ̀dọ̀ mi ni. A ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, ó rí fọ́tò ńláńlá lára àwọn òpó iná, ó dúró, ó ṣíjú wò wọ́n, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí mà ń kú o." Ó rò pé ìkéde òkú ni. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, ìbò kánsẹ́lọ̀ ló ń bọ̀, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ìlú yìí ló lè dì í, ì báà má jẹ́ ọmọ onílùú.

"Èmi náà?"

"Ẹ̀yin náà, Màmá."

"Ìwọ ńkọ́? Ìgbà mélòó lo ti dì í?"

Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni mo ti wà níbí. Báàgì kan ni mo gbé wá, mo bẹ ìlú yìí pé kó gbà mí, ó sì gbà mí. Síbẹ̀ n kò dìbò rí, ti kékeré, ti ńlá. Bí kò bá jẹ́ pé iṣẹ́ wà, á jẹ́ pé ó rẹ̀ mí, bí kò bá rẹ̀ mí, òjò ń rọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo ti gbà lọ́kàn ara mi pé ọ̀rọ̀ àwọn onílé ni, àlejò ni mí. Ojú ò jẹ́ kí n sọ ìyẹn fún ìyá mi. Mo ní, "Shift ni, Màmá." Ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí ní kékeré nígbà tí mo bá yọ ẹran nínú ìkòkò.

A kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí káàdì ìdìbò wa méjèèjì gba ojú ihò lẹ́tà wọlé, ó mú tirẹ̀, ó fi há inú Bíbélì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni òrí bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa tẹ ìka yín."

"Nígbà tá a lọ gba káàdì ìgbélùú mi, ṣé wọn ò tẹ̀ ẹ́ ni? Ọmọbìnrin yẹn tẹ ìka mi mọ́ gíláàsì títí ó fi ń làágùn."

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Ìwọ tí o ò dìbò rí, báwo lo ṣe mọ̀?"

Inú bí mi, torí pé òótọ́ ló sọ. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo tún tì í gbà, n kò mú nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ kò mọ̀ ju ti Dublin lọ, gbójú sókè lórí fóònù rẹ̀. "Grandma, you'll be grand. It's only a pencil, like."

Ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù yìí ló wá dá kún un. "Pẹ́ńsù? Pẹ́ńsù tí wọ́n lè pa rẹ́?" Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ti lọ ra báírò aláwọ̀ búlúù mẹ́ta.

Kò pẹ́ tí àwọn olùdíje fi bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn. Ìyá mi ò gbà á gbọ́. Olùdíje fúnra rẹ̀, lẹ́sẹ̀, nínú òjò, láìsí ọlọ́pàá kan lẹ́yìn! Ó máa ń yọjú wo ẹ̀yìn wọn bóyá àwọn tó ru ìrẹsì ṣì ń bọ̀. Nígbà tó rí i pé ìwé pélébé nìkan ni wọ́n mú dání, àánú wọn ṣe é, òun ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní nǹkan. Ó ń dín puff-puff dè wọ́n. Ẹni tó bá wá, á gbà méjì nínú tíṣù, ìyá mi á wá ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún un: ibùdókọ̀ iwájú ilé wa kò ní àga, orúnkún sì ń ro òun. Ọ̀kan ní òun á wò ó. Ọ̀kan tó jẹ puff-puff mẹ́rin ní òun á kọ lẹ́tà. Obìnrin kan tó wọ bàtà òjò kò ṣèlérí kankan. Ó tẹ̀lé ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ibùdókọ̀ náà, wọ́n jọ dúró níbẹ̀ fún odindi ogún ìṣẹ́jú, wọ́n ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan nínú wọn ò gbọ́ èdè ẹnì kejì. Nígbà tí ìyá mi gòkè padà, ó ní, "Mo ti rí tèmi."

Mo wá ṣàlàyé fún un pé nọ́ńbà là ń kọ níbí: ọ̀kan fún ẹni tá a fẹ́ jù, èjì fún ẹni tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní wàyó ni. Mo ní, "Màmá, nígbà tẹ́ ẹ bá rán mi níṣu, ṣebí ẹ máa ń ní bí n kò bá rí iṣu kí n ra ọ̀dùnkún?" Ó yé e kíá. Obìnrin oníbàtà òjò ni iṣu. Ọkùnrin tó jẹ puff-puff mẹ́rin ni ọ̀dùnkún.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìbò bọ́ sí. Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá mi ní ká ra oúnjẹ tó máa tó ọjọ́ mẹ́ta sílé, torí pé ọkọ̀ ò ní rìn lọ́jọ́ ìbò. Mo ní ọkọ̀ máa rìn, mo bá a jà, mo sì rà á. Ìkòkò ọbẹ̀ méjì ló sè. Ó wá kó gbogbo ìwé rẹ̀ sínú ọ̀rá kan: káàdì ìdìbò, káàdì ìgbélùú, páṣípọ́ọ̀tù, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, àti ìwé ìgbéyàwó òun àti bàbá mi. Mo bi í pé ta ló máa béèrè ìwé ìgbéyàwó. Ó ní òun náà ò mọ̀.

Aago mẹ́jọ ni iṣẹ́ mi ń bẹ̀rẹ̀ ní Damastown, níbi tí mo ti jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń di ẹrù, n kò sì fẹ́ràn kéèyàn máa pẹ́. Èmi ni mo máa ń pariwo lé àwọn tó bá pẹ́ lórí. Aago méje ni wọ́n máa ṣílẹ̀kùn ìdìbò. Mo ṣírò rẹ̀ pé bá a bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, màá bá bọ́ọ̀sì tó ń kọjá ní aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ní aago mẹ́fà, ojúmọ́ oṣù kẹfà ti mọ́ kedere, a jáde. Ìyá mi wọ ìró àti bùbá tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ kóòtù lé e. Èmi gbé àga kíká kan lọ́wọ́.

Géètì ilé ìwé tí wọ́n ti ń dìbò ṣì wà ní títì. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ọgbà náà yọjú sí wa. "Not till seven, love. You're very early."

"Sọ fún un pé ní Ìbàdàn, a ti pẹ́," ni ìyá mi wí.

Ó jókòó sórí àga rẹ̀ níwájú géètì, ó fa bébà kan yọ tó ti ya nínú ìwé ọmọ mi, ó kọ nọ́ńbà ọ̀kan àti orúkọ ara rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà èjì àti orúkọ mi. Nílé, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibùdó ìdìbò ló ń kọ lísìtì, kí ẹnikẹ́ni má baà gba iwájú. Mo ti gbàgbé àṣà yìí. Bàbá òyìnbó kan ń bọ̀ pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ìyá mi na bébà sí i.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ajá ló ń mú rìn."

"Bi í bóyá ó máa dìbò."

Ara mi bù máṣọ, ṣùgbọ́n mo bi í. Ó ka bébà náà, ó wo ojú èmi àti ìyá mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ah sure, go on, put me down." Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí nọ́ńbà ẹ̀ta, ó fa ajá rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ láti ẹnu iṣẹ́ dé, ọmọ wa ni. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Háà, lísìtì! Ẹ ti gbé e dé ibí?" Ó gba báírò, kò béèrè ohunkóhun. Nígbà tó fi kù díẹ̀ kí aago méje lù, a ti di mẹ́sàn-án, bàbá alájá sì ti padà wá dúró sẹ́yìn mi gẹ́gẹ́ bíi nọ́ńbà ẹ̀ta. Ọkùnrin kan tó wọ táì fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá lọ síwájú. Bàbá alájá fọwọ́ dá a dúró. "There's a list," ló wí. Inú ìyá mi dùn, ó ń mi orí bí ọ̀gá ilé ìwé.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ti hewú, ó mú rúlà kan dání. Ìyá mi kó ọ̀rá ìwé rẹ̀ lé tábìlì. Káàdì ìdìbò nìkan ni obìnrin náà yọ níbẹ̀, ó wá orúkọ náà rí, ó fi rúlà fa ìlà sí i. Ìyá mi yọ áńkáṣíìfù, ó nu àtàńpàkò rẹ̀ dáadáa, ó nà án sórí tábìlì. Obìnrin náà wo àtàńpàkò, ó wò mí.

Mo ní, "She thinks you need her fingerprint. The machine at home wouldn't take it."

"Ah no, love," ló wí, ìyá mi ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. "We have your name. That's all we want."

"Wọ́n ní orúkọ yín ti tó, Màmá."

"Bi í dáadáa."

Mo tún bi í. Obìnrin náà ya ìwé ìdìbò kan, ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó fi lé ìyá mi lọ́wọ́, ó sì bá a pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, n kò sì ṣe bí ẹni pé nǹkan bọ́ sí mi lójú.

Ìyá mi ti pẹ́ńsù wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lo báírò tirẹ̀. Fọ́tò gbogbo wọn wà lórí ìwé náà, kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi máa kà á fún un. Mo dì tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi náà dì fún iṣu, mo sì dúró dè é, mo ń wo aago. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ó ju ìwé rẹ̀ sínú àpótí, ó fọwọ́ kàn án lórí lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wẹ̀yìn títí a fi dé ẹnu ọ̀nà, bí ẹni fi ọmọ sílẹ̀ nílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Níbi ibùdókọ̀ wa tí kò ní àga, mo ṣí àga kíká fún un, ó jókòó. Ó ń wo àtàńpàkò rẹ̀. "Wọn ò fi yíǹkì sí mi," ló wí. Nílé, ẹni tó bá dìbò, wọ́n á kun èékánná rẹ̀, ibi tó bá gbà lọ́jọ́ náà, gbogbo èèyàn á mọ̀. Kí n tó rí ohun tí màá sọ, ó ti yọ báírò. Ó ń kun èékánná náà díẹ̀díẹ̀, láti ìdí dé ṣóńṣó, títí gbogbo rẹ̀ fi di búlúù. Ó gbé e sókè.

"Ya fọ́tò rẹ̀. Fi ránṣẹ́ sí ojúlé kẹrin."

Mo yà á. "Kí ni kí n kọ sí i?"

"Kọ ọ́ sí i pé káàdì mi ni."

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Bọ́ọ̀sì Damastown yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá mi ò gbójú sí i, ó nawọ́ sí mi. "Gbé tìrẹ náà wá."

Bọ́ọ̀sì dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Mo juwọ́ sí awakọ̀ pé kó máa lọ, mo lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ àga ìyá mi, mo na àtàńpàkò mi sí i. Mo pẹ́ débi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí àwọn ọmọ abẹ́ mi bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fi hàn wọ́n.