Bí A Ṣe Dán Àtúnṣe Sáfà Wò Lójú Ìyáálé

Ègé aṣọ ni mo fi bò ó. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́, kí ìyàwó mi má baà bá mi sọ ọ́. Ìkìlọ̀ kan ló ń yọ ní igun ojú kọ̀ǹpútà wa lójoojúmọ́, pé àtúnṣe ààbò ti dé, pé kí n tẹ ibì kan kó lè wọlé. Mi ò tẹ nǹkan kan. Mo gé àjákù aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ìkìlọ̀ náà ti ń yọ, mo sì padà sídìí iṣẹ́ mi bí ẹni tó ti ṣe nǹkan gidi. Ẹni tí kò bá rí ìkìlọ̀, wọn ò kìlọ̀ fún un nìyẹn.

Iṣẹ́ mónógírámù ni mò ń ṣe ní Mùṣín. Ẹ̀rọ ló ń bá wa ṣe é sí ọrùn agbádá, sí etí fìlà, sí àyà aṣọ àwọn ọmọléèwé. Gbogbo àwòrán tí mo ti fi ojú àti ọrùn ríro yà láti ọjọ́ yìí wá, inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Sáfà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń pín iṣẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ tó ń ránṣọ, bí ìyá tó ń bu oúnjẹ fọ́mọ. Bó bá dákẹ́, gbogbo wa á jókòó, a ó máa wojú ara wa. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, wọn ò sì kọ́ wa ní sáfà níbẹ̀. Nítorí náà, mo máa ń kí i láàárọ̀, mi ò sì í bá a ṣeré.

Àbúrò mi ní ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yàbá. Òun ló to sáfà náà fún mi. Ó wá láti ilé wọn ní Àgùdà lọ́sàn-án Sátidé kan láti gba fìlà bàbá rẹ̀. Ó rí ègé aṣọ yẹn kó tó rí mi.

"Dádì Mùṣín, kí lèyí?"

"Oòrùn ló ń pa gíláàsì yẹn lára."

"Nínú yàrá tí ò ní fèrèsé?"

Ìyàwó mi ń já òwú lára fìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. "Ọkọ mi," ló wí, "ẹ bi wọ́n dáadáa." Ọkọ mi ló ń pe gbogbo ọmọ ilé wa, àgbà àtèwe, pàápàá tó bá fẹ́ fi wọ́n nà mí.

Ọmọ náà ṣí aṣọ kúrò, ó ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. "Dádì, àlàfo kan wà nínú ètò tó ń darí sáfà yìí tí olè lè gbà wọlé. Àtúnṣe yìí ló máa dí i. Ẹni tó wá sọ fún yín pé ilẹ̀kùn yín ṣí sílẹ̀, òun lẹ faṣọ bò lójú."

Mi ò lè bá a jiyàn. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní òpópónà kejì ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó bá gbogbo àwòrán rẹ̀ ní títì pa, àwọn olè tí kò fojú rí rí sì ń béèrè owó kí wọ́n tó ṣí i. Kò rí ẹyọ kan gbà padà. Ṣùgbọ́n mo tún mọ ẹlòmíràn tó tẹ irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò jí mọ́. Olè lẹ́yìn, ikú níwájú, èmi rèé láàárín, tèmi ti sẹ́lótéèpù lọ́wọ́.

"A ò ní kàn gbé e lé e lórí," ọmọ náà ní. "Tí ẹ bá ya àwòrán tuntun, ṣé ara léèsì oníbàárà lẹ ti máa ń kọ́kọ́ rán an wò?"

"Ṣé orí mi dàrú ni? Àjákù aṣọ ni."

"Ó dáa. Ẹ fún mi ní àjákù kọ̀ǹpútà."

Ọ̀kan wà lábẹ́ tábìlì, tí ìyàwó mi ń gbé kúlà oúnjẹ lé. Ọmọ náà nù ún, ó da gbogbo ohun tó wà nínú sáfà kọ sínú rẹ̀, ó fi àtúnṣe sí i, ó wá ń so àwọn ẹ̀rọ mọ́ ọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta. Ìyàwó mi ní tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ sá ni, kí n kúkú sá dé Ìgànmú.

Ẹ̀rọ kan gba àwòrán, ó rán an. Èyí tó tẹ̀ lé e rán an. Gbogbo èyí tó ti so mọ́ ọn ló ń rán an. Mo gba àjákù aṣọ náà, mo yí i síwá sẹ́yìn, mò ń wá àbùkù bí àna tí kò fẹ́ fọmọ sílẹ̀. Mi ò rí.

Ó wá ku ìyáálé. Ẹ̀rọ tí mo kọ́kọ́ rà ni, tòkunbọ̀. Mo pẹ́ kí n tó gbéyàwó, ẹ̀rọ yẹn ló sì kọ́kọ́ wọlé mi, ìdí nìyẹn tí ìyàwó mi fi ń pè é ní ìyáálé òun. Òun ló ṣe iṣẹ́ ara fìlà tí mo dé lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa. Ọmọ náà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kò dáhùn. Ó yọ wáyà, ó tún kì wáyà náà bọ̀ ọ́, kò dáhùn.

"Ọ̀nà àtijọ́ nìkan ló mọ̀ tó fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀," ọmọ náà ní. "Ọ̀nà yẹn gan-an làwọn olè ń gbà. Àtúnṣe yìí ti dí i."

"Ṣí i fún òun nìkan."

"Tí mo bá ṣí i fún un, mo ṣí i fún olè náà."

"Kí la wá fẹ́ ṣe sí i?"

"Ojú tí fúláàṣì ń wọ̀ lára rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó máa fi fúláàṣì gba àwòrán níbí, ẹ ó máa gbé e lọ bá a."

Inú bí mi. Èmi, ọ̀gá, kí n máa gbé iṣẹ́ lọ bá ẹ̀rọ bí ọmọ ọ̀dọ̀? Mo ní kó má fi nǹkan kan sí sáfà mọ́, olè ò mọ àdúgbò wa. Mo tún ní àbí ká kúkú gbé ẹ̀rọ náà fún onírin tó ń ra àlòpatì lónìí. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, mo kábàámọ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lẹ́nu mi.

Ọmọ náà gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Ṣọ́ọ̀bù yín ni, Dádì. Àwòrán yín ni. Mi ò lè fi tipátipá bá yín tìlẹ̀kùn."

Ìyàwó mi já òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé fìlà sílẹ̀.

"Ẹ̀yin gan-an," ló wí, "ó ti pẹ́ tí ẹ ò ti gbọ́ mọ́ tí mo bá ń pè yín láti kíṣìnnì. Ṣé mo ní kí wọ́n gbé yín fún onírin? Àbí mo ṣílẹ̀kùn ilé sílẹ̀ fún olè nítorí kẹ́ ẹ lè gbọ́? Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn wá bá yín." Ó kọjú sí ọmọ náà. "Ọkọ mi, ẹ fi àtúnṣe yẹn sí i. Wọ́n á máa rìn lọ bá ìyáálé mi."