Kọ́kọ́rọ́ Ilé Àpérò

Síkírù ló ń ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan ní Vicarage Field, ilé ìtajà ńlá kan ní London, láràárọ̀. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ò mọ̀ pé iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ ló ń ṣe.

Nígbà ìjọba òyìnbó, wọ́n kọ́ ilé kan sí ìlú wọn ní Ìjẹ̀bú, níbi tí ọba, àwọn ìjòyè àti ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ti ń jókòó sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti owó orí. Ilé Àpérò ni wọ́n ń pè é. Bàbá bàbá Síkírù ni adènà. Bó ti wù kí èèyàn tóbi tó, kò gbọdọ̀ wọlé bí baba ò bá tíì ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ní ajẹ́lẹ̀ kan dúró nínú oòrùn títí baba fi ti oko dé, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Mo gba ìtàn yẹn gbọ́, torí Síkírù náà ò mọ ìkánjú.

Nígbà tó ń bọ̀ ní London, ó mú kọ́kọ́rọ́ Ilé Àpérò tó jogún dání. Ó ní bó bá ti wà lọ́wọ́ òun, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan ilé náà. Gbogbo ẹbí gbà bẹ́ẹ̀. Raheem àbúrò rẹ̀, tó ń gbé nítòsí ilé náà ní Ìjẹ̀bú, kò wọ inú rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Èmi tí mo jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ ní Rippleside níhìn-ín náà gbà. Ta ni yóò bá adènà jiyàn ilẹ̀kùn?

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a jọ ń mu tíì nílé rẹ̀ nígbà tí Raheem pè lórí fídíò. Katapílà tí yóò wó Ilé Àpérò ti dé. Ìlú fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀.

"Raheem, tell them pé key wà lọ́wọ́ mi. Wọn ò lè wọlé."

"Mo ti sọ fún wọn, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kí n kí yín dáadáa."

Síkírù gbé kọ́kọ́rọ́ náà sókè síwájú fóònù. Ta ló ń wò ó? Inú bí mi débi pé mo fẹ́ já fóònù gbà, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Lójú fóònù, ògiri ẹ̀yìn wó, ti ẹ̀gbẹ́ tẹ̀lé e, òrùlé já wálẹ̀. Ilẹ̀kùn nìkan ló kù lóòró, ó sì wà ní títì.

Raheem rọra yí ilẹ̀kùn náà ká, ó dúró sórí òkìtì bíríkì lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "mo ti wà nínú ilé o. Ẹ má bínú."