Àmì Etí Ẹlẹ́dẹ̀ Nínú Ìwé Ìlú Ashcombe

Obadiah Fenn, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, tó ń fi koríko bo òrùlé fún wa ní Ashcombe, ti di ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méje tí yóò máa ṣètò ọ̀rọ̀ ìlú lọ́dún yìí. Ọjọ́ Ajé tó kọjá la dìbò. Ẹni tó fẹ́ ẹ ju hóró àgbàdo sínú fìlà, ẹni tí kò fẹ́ ẹ ju ẹ̀wà. Àgbàdo mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló jáde, ẹ̀wà mẹ́rin. Obadiah ní òun mọ àwọn tó ni mẹ́ta nínú ẹ̀wà náà, ìkẹrin ló ń dun òun.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìbò yẹn, díẹ̀ ló kù kí ọkùnrin yìí má lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́ nínú ìlú tó bá wọn dá sílẹ̀.

Ó ti tó ogún ọdún tí ọkùnrin méjìlélógún tẹ̀ lé etí odò wọ inú igbó yìí. Ọba wà lókè òkun, gómìnà wà ní ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, òjò dídì sì ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí olórí láàárín wọn. Wọ́n yí àpótí ìyẹ̀fun kan ká, wọ́n sì kọ ìwé: “Àwa tí ọwọ́ wa wà nísàlẹ̀ yìí ti so ara wa pọ̀ di ìlú kan. Òfin tí ọ̀pọ̀ wa bá fara mọ́ ni gbogbo wa yóò tẹ̀ lé. A kò ní bu ìtanràn lé ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ìlú gbọ́ tẹnu rẹ̀.” Ẹni tó mọ̀wé kọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé fa àmì, akọ̀wé sì kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà.

Obadiah kò mọ̀wé. Àmì tó máa ń gé sí etí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ló fà: ojú gígé tó là bí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀, àti ẹnu kékeré kan tí a gé sísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni tàdáwà dì sínú ìgò nítorí òtútù. Akọ̀wé gbé ìgò lọ yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, nígbà tó sì padà, orúkọ ẹlòmíràn ló kọ. Ó gbàgbé Obadiah. Akọ̀wé náà kú lọ́dún kẹta.

Kò sẹ́ni tó rántí títí Ọ̀gá Roger Halstead fi fẹ́ ṣọgbà yí pápá tí màlúù gbogbo ìlú ti ń jẹko ká. Ọdún kẹrin rẹ̀ nìyí láàárín wa, ó ti fọwọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà bíi gbogbo ẹni tó dé lẹ́yìn, ó sì ní màlúù ju ẹnikẹ́ni lọ. Obadiah dìde nílé ìpàdé láti sọ pé kò ṣeé ṣe.

“Jókòó, Fenn,” ni Halstead wí. “Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìlú kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbí.”

“Ọwọ́ mi wà níbẹ̀, Ọ̀gá.”

“Orúkọ mọ́kànlélógún ni mo kà lójú ìwé.”

“Àmì kan wà láàárín wọn, tèmi ni.”

“Àmì tí kò lórúkọ? Ajá lè fẹsẹ̀ tẹ irú ẹ̀.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Yàtọ̀ sí Obadiah, Elkanah Stroud nìkan ló kù láàyè nílùú nínú àwọn tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé náà, wọ́n sì bi í. Àgbà náà ní ohun tí òun rántí ni pé orí òrùlé ahéré àkọ́kọ́ ni Fenn wà lọ́jọ́ náà. Josiah Pell, akọ̀wé wa ìsinsìnyí, wá sọ pé, “Baba Fenn, tí ẹ bá ní ẹ̀rí, ẹ mú un wá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.”

Mehitabel, ìyàwó Obadiah, ń ro ọbẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ délé.

“Ó ní ajá ló tẹ̀ ẹ́?”

“Ohun tó sọ nìyẹn.”

“Ìwọ náà wá jókòó.”

“Kí ni kí n ṣe? Ṣé ìwọ á bá mi sọ ọ́ ni? Obìnrin ò lẹ́nu nílé ìpàdé.”

“Mo mọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ náà ò lẹ́nu níbẹ̀, àmọ́ ó létí.”

Mehitabel so okùn mọ́ abo ẹlẹ́dẹ̀ wọn tó dàgbà jù lẹ́sẹ̀, ó sì fà á la àárín ìlú kọjá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìpàdé. Kò wọlé. Josiah gbé ìwé jáde, ó nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì ẹran náà. Ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ẹnu kékeré nísàlẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń rí etí bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà.

“Àná ló gé e,” ni Halstead wí.

“Ojú ọgbẹ́ àná kì í hurun, Ọ̀gá,” ni Elkanah dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fọwọ́ kan etí náà. “Orí òrùlé ló wà lóòótọ́. Àwa la pè é sọ̀ kalẹ̀. Koríko kún irun rẹ̀. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń sàmì sí ìlú bí ẹni ń sàmì sí ẹlẹ́dẹ̀. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ òun kì í sọ nù.”

Josiah kọ orúkọ Obadiah Fenn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà. Obadiah, tó ti tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ dé, wò ó pẹ́.

“Ó gùn ju bí mo ṣe rò lọ,” ló sọ. Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí pápá, pápá sì wà fún gbogbo wa títí dòní.

Ìwé náà ni ohun àmúyangàn wa, mi ò sì ní fi ìyẹn pamọ́. Àmọ́ ìwé mìíràn wà nínú àpótí kan náà, ìwé ilẹ̀ tí àwọn tó ni ilẹ̀ yìí ṣáájú wa fa àmì tiwọn sí. A kò tíì pè wọ́n wá ju àgbàdo sínú fìlà rí, bẹ́ẹ̀ àwọn ló kọ́ wa bí a ṣe ń gbìn ín.

Nígbà tí ìlú ń bá Obadiah yọ̀ lọ́jọ́ ìbò, Mehitabel gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ọgbà ẹran. Abo ẹlẹ́dẹ̀ náà wọ oko Halstead, ó sì jẹ kábéèjì rẹ̀ tán. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn ẹni tó ni ín.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìwàásù, ni àwọn méje náà yóò kọ́kọ́ jókòó, ẹjọ́ Halstead sì ni àkọ́kọ́. Obadiah yóò dìde lórí ìjókòó tuntun rẹ̀, yóò lọ dúró níbi tí olùjẹ́jọ́ ń dúró sí, ìlú yóò sì gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó bu ìtanràn lé e.