Ọkùnrin Tó Fẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Rìn Lọ Sẹ́wọ̀n

Mo búra, òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Aládùúgbò mi ní Värmland, ìgbèríko onígbó kan nílẹ̀ òyìnbó, ni Hjalmar Tibblin. Agégi ni, ó sì ń pọn ògógóró ọ̀dùnkún tà nínú abà rẹ̀. Ọtí náà le débi pé ológbò tó bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ̀yìn ló ń fi ń rìn. Adájọ́ ní kò gbọdọ̀ máa tà á, ó fún un lẹ́wọ̀n oṣù méjì.

Ọlọ́pàá kankan kò wá mú un. Lẹ́tà ni wọ́n kọ sí i: kó wá sí ọgbà ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n aláìlódi ni, oko ni wọ́n ń dá níbẹ̀, kò sì jìnnà sílé. Bí kò bá yọjú, ọgbà onílẹ̀kùn irin ló kàn, lọ́nà jíjìn, níbi tí ìyá rẹ̀ ẹni àádọ́rùn-ún ọdún kò ní lè wá wò ó.

Lọ́jọ́ náà, yìnyín bo gbogbo ọ̀nà, bọ́ọ̀sì kò wá. Hjalmar gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó fẹsẹ̀ rìn. Kò tíì kúrò ládùúgbò wa tán tí ọkọ̀ ọlọ́pàá fi dúró tì í. Ragnhild, ọlọ́pàá ìlú wa, yọrí síta.

"Bàbá Tibblin, níbo lẹ forí lé nínú òtútù yìí?"

"Ẹ̀wọ̀n."

"Ta ló ń lé yín?"

"Aago ni. Má dá mi dúró, jàre."

"Ẹ wọlé, kí n gbé yín lọ."

"Ọkọ̀ ọlọ́pàá kẹ̀? Kí ìyá mi gbọ́ pé o mú mi bí olè? Wọ́n ní kí n wá fúnra mi, màá sì wá fúnra mi!"

"Oríkunkun yín yìí nìkan tó ẹ̀wọ̀n ọdún kan!"

Síbẹ̀ kò fi í sílẹ̀. Ó wa ọkọ̀ síwájú jẹ́jẹ́, táyà ń tẹ yìnyín mọ́lẹ̀, Hjalmar ń tọ ipa rẹ̀. Wọ́n kọjá níwájú fèrèsé mi báyìí: ọlọ́pàá níwájú, ẹlẹ́wọ̀n lẹ́yìn, kò sí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ láàárín wọn. Mo ṣí fìlà láìmọ̀. Agégi tó mọ igbó wa bí ẹní mowó, tí kò sì sá wọ̀ ọ́! Ìwé pélébé kan ló ń fà á lọ. Títí dòní, bí mo bá rántí, ẹnu mi kì í lè pa dé.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago mẹ́rin lù nígbà tó kan ilẹ̀kùn. Wọ́dà ṣí i.

"Hjalmar Tibblin?"

"Èmi ni."

"Ẹ gbọn bàtà yín, ẹ máa wọlé. Kọfí wà lórí iná."

Wọ́n jẹ́ kó fi fóònù pe ìyá rẹ̀.

"Ìyá, mo ti dé."

"Ṣé o ò pẹ́?"

"Mi ò pẹ́, Ìyá."

"Ó dáa. Ọjọ́ Àìkú, màá mú búrẹ́dì wá."

Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn nìkan ni mo fi iyọ̀ sí. Ogójì ìṣẹ́jú gbáko ló kù nígbà tó débẹ̀, ó sì dúró níta díẹ̀ kó tó kanlẹ̀kùn, kí wọ́n má baà rò pé ẹ̀wọ̀n ń wù ú.