Àyè Kan Ṣoṣo fún Líìgì Kékeré

Mo ti kórìíra ìgbìmọ̀ yẹn kí n tó mọ iye èèyàn tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan ni wọ́n. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹta, wọ́n á kó ara wọn jọ sínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n á sì pinnu àwọn yunifásítì tí yóò gbá básíkẹ́ẹ̀tì nínú ìdíje ńlá tí gbogbo Amẹ́ríkà máa ń jókòó wò. Wọ́n ní èsì eré ni àwọn ń wò. Irọ́ ni. Orúkọ ni wọ́n ń wò.

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni mò ń sọ yìí, nígbà tí mo wà ní ọdún kẹrin mi ní yunifásítì kékeré kan ní Chicago. Ilé ìṣeré wa kò tóbi ju gbọ̀ngàn ìjọ lọ, òrùlé rẹ̀ sì máa ń jò bí yìnyín bá ti ń yọ́. Gíga mi ló gbé mi débẹ̀. Wọ́n ń sanwó ilé-ìwé mi, èmi náà sì ń dúró sábẹ́ agbọ̀n láti gba bọ́ọ̀lù tí kò bá wọlé. Gbogbo àwa tí a wà nínú tíìmù yẹn ni àwọn yunifásítì ńlá ti wò lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì gbójú kúrò. Ọ̀kan kúrú jù, ọ̀kan ti fi orúnkún ṣèṣe rí, èmi ni wọ́n ní mo pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rẹ́ wa jẹ, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé ìbínú lásán ni. Líìgì ńlá wà, líìgì kékeré wà. Ẹni tó bá gba ife nínú líìgì tirẹ̀, kékeré ni o, ńlá ni o, ó ti wọ ìdíje ńlá nìyẹn, ìgbìmọ̀ kò lè dá a dúró. Àwọn àyè tó bá ṣẹ́ kù ni ìgbìmọ̀ máa ń pín. Bó bá wá di ti pínpín, líìgì ńlá kan ṣoṣo lè kó àyè mẹ́rin tàbí márùn-ún, tiwa kò ní rí ẹyọ kan. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé a kì í bá àwọn tó lágbára gbá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kóòṣì wa kọ lẹ́tà, ó tẹ fóònù, ó bẹ gbogbo yunifásítì ńlá tó yí wa ká pé kí wọ́n wá gbá pẹ̀lú wa. Kò sí èyí tó fẹ́ wá sílé wa. Bí wọ́n bá nà wá, kò sẹ́ni tó máa yìn wọ́n. Bí a bá nà wọ́n, ẹ̀sín ni. Àwọn díẹ̀ tó gbà ní kí a wá bá àwọn nílé, níwájú èrò tiwọn, pẹ̀lú rẹfirí tí àwọn fúnra wọn pè. Bó bá di oṣù kẹta, àwọn èèyàn kan náà yóò bọ́ sínú ìgbìmọ̀, wọ́n á ní ta la bá gbá. Ẹni tó ju ni lọ lè ju ni nù, mo ti mọ ìyẹn láti ilé. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ó tún lè ní kí o wá ṣàlàyé ìdí tí òun fi jù ọ́ nù.

Nínú oṣù kejìlá ọdún tí mo lò kẹ́yìn yẹn, a lọ bá ọ̀kan nínú wọn nílé. Ọ̀nà jìn, yìnyín ń bọ́, bọ́ọ̀sì wa kò sì gbóná. A nà wọ́n. Òmìrán kan ni wọ́n gbójú lé lábẹ́ agbọ̀n, ìwé ìròyìn kì í sinmi lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó fọn fèrè ìsinmi ni mo ti mọ àṣírí rẹ̀: bó bá ti fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, apá òsì ló máa ń yí sí, kì í yí sí ọ̀tún láé. Mo lọ dúró sí òsì rẹ̀, mi ò kúrò níbẹ̀ mọ́, ó sì dà bí ẹni tó gbàgbé ilé ara rẹ̀. Èrò ilé ìṣeré náà dákẹ́ pátápátá. Bí a ṣe ń padà bọ̀, a gbà lọ́kàn wa pé ẹni tó bá tún bi wá pé ta la nà, ìdáhùn ti wà.

Mo fẹ́ wọ ìdíje yẹn ju bí mo ṣe fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí lọ. Ọdún mi ti parí, kò sí ọdún mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n tó lọ wá iṣẹ́ bíi gbogbo ayé.

A ṣe ipò kìíní ní líìgì wa. Ṣùgbọ́n ife kì í ṣe ti ipò kìíní, a tún ní láti gbá ìdíje kékeré ti líìgì fúnra rẹ̀. A gbá a dé àṣekágbá, ta la sì bá níbẹ̀ bí kò ṣe yunifásítì ẹnì kan tí mò ń pè ní ẹ̀gbọ́n.

Ìlú kan náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n ti wá. Ọdún mẹ́ta ló fi jù mí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún kan náà la wọ yunifásítì, òun ló sì kọ́ mi ní básíkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn kíláàsì, lábẹ́ agbọ̀n tí a fi ìṣó kàn mọ́ igi. Ilé-ìwé tirẹ̀ jìnnà sí Chicago tó ìrìn wákàtí méjì nínú ọkọ̀. Bí a bá ti gba ìsinmi, àwa méjèèjì máa ń wá gbé lọ́dọ̀ àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń gbé ní Rogers Park. Ẹ̀gbọ́n á sùn lórí àga, èmi á sùn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á kọ́kọ́ mú ẹran. Bí yìnyín bá dé orúnkún, èmi ni ẹ̀gbọ́n á rán lọ ra mílíìkì. Mo bọ̀wọ̀ fún un bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn rẹ̀ tó bí àǹtí mi ṣe rò.

Ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí àṣekágbá yẹn parí, a fi ojú àmì kan ṣíwájú. Ọmọ wọn kékeré kan ju bọ́ọ̀lù, ó gbá irin agbọ̀n, kò wọlé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n fò sókè pọ̀. Nígbà tí a balẹ̀, ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja níwájú mi, bọ́ọ̀lù sì ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún ní òdìkejì rẹ̀. Kò sẹ́lòmíràn tó sún mọ́ ọn bíi tèmi. Gbogbo ohun tó kù kò ju kí n gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí àyà ẹ̀gbọ́n kí n sì mú un. Ẹsẹ̀ mi ti gbéra nílẹ̀. Nílé wa, a kì í gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí èèyàn tó dùbúlẹ̀, áńbọ̀sì àgbà; ẹni tó bá ṣèèṣì ṣe é gbọ́dọ̀ gba ibi tó gbà padà. Mi ò rò ó. Ẹsẹ̀ ọ̀hún ló fúnra rẹ̀ padà sílẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀gbọ́n yípo, ọmọ kékeré yẹn sì ti mú bọ́ọ̀lù, ó ti jù ú wọlé. Fèrè dún.

Kóòṣì bi mí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀ yẹn. Mo ní, “Coach, he is my senior.” Ó wò mí títí, ó sì lọ jókòó.

Ó wá di ọwọ́ ìgbìmọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n kó gbogbo wa sínú yàrá ìjẹun ilé-ìwé níwájú tẹlifíṣọ̀n kan. Àwọn oníròyìn kan gbé kámẹ́rà wá, wọ́n tan iná ńlá sí wa lójú, wọ́n fẹ́ ya ayọ̀ wa. Orúkọ ń jáde. Wọ́n pe yunifásítì òmìrán yẹn, èyí tí a nà nínú ilé rẹ̀, tí ó pàdánù eré ju tiwa lọ jìnnà. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ bá gbá ni yunifásítì ẹ̀gbọ́n. Orúkọ tó kù jáde tán, tiwa kò sí níbẹ̀. Akọ̀ròyìn bi olórí ìgbìmọ̀ léèrè ọ̀rọ̀ wa, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọmọ dáadáa ni wá, ṣùgbọ́n a kò bá ẹnikẹ́ni gbá. Ẹni tó gbé kámẹ́rà wá pa iná, ó ń ká wáyà rẹ̀. Èyí tó kúrú jù nínú wa dorí kodò, ó ń sunkún. Ká ní ọwọ́ mi tó ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n yẹn ni, wọn ì bá lé mi kúrò ní Amẹ́ríkà.

Ọjọ́ kejì, fóònù dún nílé àǹtí mi. Òun ló gbé e. “Ah, congratulations o! A rí yín on TV. Ó wà ńbí, ẹ gba àbúrò yín.” Ó na fóònù sí mi.

Mo ní, “Ẹ kú oríire, sà.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. “I knew it. Mo mọ̀ pé o ò lè kọjá lórí mi. Home training. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tètè dìde.”

Etí mi gbóná.

“Oya, gbọ́,” ó ní. “Their big man. Ẹ̀yin lẹ nà wọ́n in December. How did you guard him? My coach wants to know.”

Ó wà lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, they said we didn't play anybody. Kí ni mo wá fẹ́ mọ̀?”

Ó ní, “Ṣé o ń bínú sí mi ni?”

“Rárá, sà. Ẹ bá mi kí coach yín.”

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Àǹtí mi yíjú sí mi láti ìdí sítóòfù. “O mọ ohun tó bi ẹ́, àbí o ò mọ̀ ọ́n?” Mo ní ebi ń pa mí. Ó wo ojú mi, ó bu oúnjẹ fún mi, kò sì jókòó tì mí.

A jọ wo eré náà. Òmìrán yẹn yí sí òsì, ẹ̀gbọ́n wà ní ọ̀tún. Ó tún yí sí òsì, ẹ̀gbọ́n tún wà ní ọ̀tún, ó fi ìbínú gbá a lọ́wọ́, rẹfirí fọn fèrè. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Bí àǹtí mi bá ti kẹ́dùn, ara mi á tún yá sí i. Tíìmù ẹ̀gbọ́n gbìyànjú, àmì díẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀lé wọn, àfi ìgbà tí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀gbọ́n pọ̀ ju iye tí òfin gbà lọ, tí rẹfirí sì ní kó lọ jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn, òmìrán ń ṣe bó ṣe wù ú. Wọ́n na tíìmù ẹ̀gbọ́n bí ẹni na aṣọ sórí okùn.

Lẹ́yìn eré, wọ́n tún gbé olórí ìgbìmọ̀ wá sórí tẹlifíṣọ̀n. Akọ̀ròyìn ní àwọn kan ti ń kùn pé ó yẹ kí líìgì kékeré yìí rí àyè méjì. Ọkùnrin náà pe orúkọ ilé-ìwé wa, ìgbà kìíní tó fi ẹnu ara rẹ̀ pè é. Ó ní gbogbo èèyàn ṣáà ti fojú ara wọn rí i: bí èyí tó dára jù níbẹ̀ ṣe gbá nìyí, kí ni à bá wá fi èkejì ṣe? Ó ní òun kò ní ṣàlàyé kankan ṣe mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àyè kan ṣoṣo ni wọ́n fún líìgì wa. Lọ́dún kejì, bákan náà. Ọmọ tó kúrú jù nínú wa yẹn ṣì wà nínú tíìmù lọ́dún méjèèjì, ipò kìíní ni wọ́n sì ṣe. Ìgbìmọ̀ kò wá ẹ̀rí kiri mọ́ kí wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ni mo fún wọn ní ẹ̀rí náà, lórí fóònù.