Àwọ̀ Tí Mo Ṣe fún Ojú Mi

Láti kékeré ni ojú mi kò ti fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ tó funfun jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ṣe àwọ̀ tèmi fún ẹ́díítọ̀ tí mo fi ń kọ kóòdù. Inú tẹ́míná, fèrèsé dúdú tí kò ní àwòrán kankan, ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, bí àwọ̀ ọ̀rọ̀ náà bá sì ti le jù, omi á máa dà lójú mi. Ìyá mi ń ta òwú ìránṣọ níwájú ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀. Màá mú òwú kan, màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù, màá sì máa yí nọ́ńbà inú fáìlì àwọ̀ náà títí tí àwọ̀ ojú ẹ̀rọ yóò fi jọ ti òwú ọwọ́ mi: àwọ̀ ọsàn tó ti pọ́n fún àṣẹ, àwọ̀ eérú fún àlàyé, àwọ̀ ewé tó ń gbẹ fún nọ́ńbà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ nípa rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Iléṣà, tí a jọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. A ti jọ wá iṣẹ́ títí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan ní Òṣogbo ń wá ẹnì kan, àwa méjèèjì kọ̀wé síbẹ̀. Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo bi í bóyá wọ́n pe òun náà, ó ní rárá. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò jẹ́ kó rí ayọ̀ mi.

Kò pẹ́ sí i ló wá bá mi nílé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá mi, wọ́n sì bu oúnjẹ fún un. Ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Ìwàrà fẹ́ kí òun wá kọ́ àwọn ní kọ̀ǹpútà, pé òun máa fi pírójẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, fi iṣẹ́ náà hàn wọ́n, nítorí náà àwọ̀ mi ni òun fẹ́ lò. Mo kó fáìlì náà sínú ẹ̀rọ rẹ̀, mo sì kọ orúkọ àwọ̀ náà sínú fáìlì ètò ẹ́díítọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a ṣí i, gbogbo rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, torí tẹ́míná rẹ̀ kò tíì gba gbogbo àwọ̀. Mo fi ìlà kan kún un, ó bá dára. Ó ní kí n jẹ́ kí àwọ̀ eérú yẹn mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, kí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn lè rí i kà. Mo ṣe é. Mo sìn ín dé ibi tó ti wọ mọ́tò.

Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n ní kí n so láptọ́ọ̀pù mi mọ́ pírójẹ́kítọ̀, kí n kọ iṣẹ́ kékeré kan. Bí iṣẹ́ náà ṣe hàn lára ògiri, ọ̀gá ọkùnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì í ló sọ̀rọ̀.

“Arákùnrin kan láti Iléṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí. Àwọ̀ yìí gan-an ló lò, ó sì ní òun lòun ṣe é. Ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ ti mú un ni?”

“Èmi ni mo ṣe é, mà. Èmi náà ni mo fi sórí ẹ̀rọ rẹ̀.”

Wọ́n wo ara wọn. Mo rí i pé wọn ò mọ ẹni tí wọn yóò gbà gbọ́. Mo wá ń ṣe àṣìṣe nínú iṣẹ́ tí mo lè dijú ṣe. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló ń dùn mí. Bó ṣe jókòó sórí àga ìyá mi ni mo ń rí, tó ń bẹ̀ mí nítorí àwọn ọmọ tí kò sí níbì kankan. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Mo lọ bá a ní Iléṣà. Kò jiyàn. Ó ní ká ní òun sọ òótọ́ ni, mi ò ní ran òun lọ́wọ́.

“Ǹ bá ràn ẹ́ lọ́wọ́,” ni mo wí. “O sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Ó ní àwọ̀ lásán ni, kí n má sọ ọ́ dìjà. Mo dìde.

Òun ni wọ́n gbà. Nígbà Iléyá tó kọjá, ìyá mi bi mí bóyá kí àwọn fi ẹran ọ̀rẹ́ mi pamọ́ dè é bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé iṣẹ́ kò jẹ́ kó ráyè wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà ló fi ìkíni ọdún ránṣẹ́ sórí fóònù mi, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo kà á. Mi ò dá a lóhùn.