Gbogbo Èrò, Ẹ Sọ̀ Kalẹ̀

Ìyá Télọ̀ kì í tètè bẹ̀rù. Obìnrin tó ti ń jí gbọ́ èébú lánlọ́ọ̀dù fún ọdún gbọọrọ, kí ló tún kù tí yóò já a láyà? Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọ́ ògbólógbòó bọ́ọ̀sì wá sórí ilẹ̀ tóóró tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tó ní inú rẹ̀ làwọn yóò máa gbé, kò bá a jà. Ó mú téèpù rẹ̀, ó wọn àwọn fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán kọ́tìnì.

Dírẹ́bà lọkọ náà. Bọ́ọ̀sì yìí gan-an ló ń wà títí ẹ́ńjìnì fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ ní kó máa gbé òkú ọkọ̀ náà lọ.

Ìyá ọkọ yìí ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ kánjú. Ara Màmá kò yá, wọ́n sì ti ní àwọn kò fẹ́ kú sílé onílé. Ìyá Télọ̀ fẹ́ràn wọn ju bí ìyàwó ilé ṣe ń fẹ́ràn ìyá ọkọ lọ. Màmá ló dúró tì í nígbà ìkúnlẹ̀, Màmá náà ló ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún un. Ó ti búra fún ara rẹ̀ pé obìnrin náà yóò gbádùn ilé tiwọn, yóò sì pẹ́ níbẹ̀.

Wọ́n tú àwọn àga jáde, wọ́n gbé sítóòfù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ wọn fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí igun tirẹ̀ ká, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Ìjókòó gígùn tó wà lẹ́yìn pátápátá nìkan ni wọn kò tú. Wọ́n tẹ́ fóòmù lé e, wọ́n fi ṣe ibùsùn Màmá.

Àṣé bọ́ọ̀sì náà kò fúyẹ́. Sípíríǹgì rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀ bíi tìgbà tí èrò bá kún inú rẹ̀. Wẹ́dà tó wá fi jáàkì gbé e nàró, jáàkì kọ̀.

"Ẹrù wo lẹ kó sínú ẹ̀?"

"Kọ́tìnì ni," Ìyá Télọ̀ dá a lóhùn.

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín. Ó yọjú wonú ọkọ̀, ó rí i pé yàtọ̀ sí sítóòfù àti fóòmù, òfìfo ni. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kò sì padà wá mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Lánlọ́ọ̀dù ti gbé yàrá wọn fún ẹlòmíràn, wọ́n bá kó wọlé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, gbogbo dígí fèrèsé á ti rin fún èémí, títí kan àwọn tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí tòsí. Lọ́jọ́ kan, Màmá pe Ìyá Télọ̀.

"Ìyàwó mi, bá mi sọ fún obìnrin yìí kó gbé àpò ẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ mi."

"Obìnrin wo, Màmá?"

"Èyí tó ń béèrè bóyá a ti dé."

Ẹ̀rù bà á wàyí. Ó mọ àṣà àwọn dírẹ́bà iléeṣẹ́ ọkọ rẹ̀: bí ọkọ̀ bá dé òpin ìrìnàjò, wọn á ké sí èrò pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọn á sì máa wo ẹ̀yìn nínú dígí tó wà lókè orí wọn títí inú ọkọ̀ yóò fi ṣófo.

"Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yìí kú, ṣé ẹ ké sí èrò?" ó bi ọkọ rẹ̀.

"Inú ń bí mi. Mo kàn bọ́ọ́lẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn lọ ni. Ṣebí àwọn èrò náà bá tiwọn lọ."

"Àwọn tí ẹ rí nìyẹn."

"Kí n wá máa ké nínú ọkọ̀ tó ti kú? Kí aráyé lè ní mo ti ya wèrè?" Ọkùnrin náà bá jáde lọ ra ìṣó.

Ọmọ wà níléèwé, Màmá ń sùn. Ìyá Télọ̀ jókòó sórí àga dírẹ́bà. Ó gbójú sókè wo dígí, ó sì ké e gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń ké e:

"A ti dé o! Gbogbo èrò, ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Nǹkan kan kò kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tẹ̀ sí ọ̀nà ilẹ̀kùn, sípíríǹgì dún, ó padà sókè. Ó tún tẹ̀, ó tún padà. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ, bọ́ọ̀sì sì ń ga sí i lábẹ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rù yà kúrò lára rẹ̀, ayọ̀ rọ́pò rẹ̀. "Ẹ rọra o," ló ń wí, "ẹ má gbàgbé ẹrù yín."

Èyí tó sọ̀ kẹ́yìn kò wúwo rárá. Òórùn òróró tí òun fúnra rẹ̀ fi ń pa orúnkún Màmá láràárọ̀ ló kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"O ṣé, ìyàwó mi."

Ó wo dígí. Màmá ṣì wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja, ṣùgbọ́n aṣọ àyà wọn kò mì mọ́. Gbogbo èrò ni òun pè. Kò rántí yọ Màmá sílẹ̀.

Láti òkèèrè ni ọkọ rẹ̀ ti rí bọ́ọ̀sì tó nàró gan-an. Ó ń sáré bọ̀, ìṣó ń dún nínú àpò rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Ìyá ọmọ mi, ó ti fúyẹ́! Jí Màmá kí wọ́n wá wò ó."